Mama Verlene Mazyck Broughton (1941–2023) àti Ọkùnrin Tó Kẹ̀yìn sí Àwọn Ọmọdé

Wọ́n ní lórí ibùsùn àìsàn ni Mama Verlene ti… Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà lójú títì ni. Ó ní Díákónì Ezra Prioleau jáde nílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú wọn pọ́n, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, ìwé Binah yẹn gan-an sì wà ní… Abíyá wọn! Ìwé tí wọn ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí baba wọn… Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àfi bí obìnrin náà bá ti jẹ́wọ́ pé òun parọ́ mọ́ baba wọn, pé ìtàn Binah látòkè délẹ̀ kò… Hùn. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Àwa ẹbí ti gbọ́. A gbọ́ ọ nílé ìtajà, a gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. A sì gbọ́ pé nítorí rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe kó ìwé ọmọdé tí Mama kọ, méjèèjìlá, kúrò lórí tábìlì àwọn ọmọdé sínú páálí, tí wọn yóò sì dìbò ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì ìsìnkú, bóyá kí páálí náà padà wọlé tàbí kí ó má padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi gùn ju bó ti yẹ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún wa. A ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

A bí Mama Verlene ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1941 ní Tarrow Landing, ìpínlẹ̀ South Carolina, nínú ilé onípákó tó kọjú sí odò. Baba wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Isom Mazyck, tó ń gbé yìnyín ní èbúté níbi tí ọkọ̀ ti ń já edé. Ìyá wọn ni Ìyáàfin Zipporah Mazyck, alágbàfọ̀, tí ìlú ń pè ní Ìyá Zippie. Mama Verlene ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún, àwọn nìkan ló sì ṣẹ́kù títí di oṣù yìí. Ìdílé Mazyck ti wà létí odò náà láti ayé ẹrú, nígbà tí oko ìrẹsì ṣì gba gbogbo ilẹ̀ ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ìyá wọn máa ń sọ pé ọmọ náà kò dúró kí agbẹ̀bí fọwọ́ tán kó tó jáde, àti pé láti ọjọ́ náà ni kò ti dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọdún 1947 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá méjì tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ dúdú. Ìwé tí àwọn ọmọ funfun ti lò gbó ni wọ́n ń kó wá fún wọn. Nínú ìwé ìtàn Amẹ́ríkà tó dé ọwọ́ Mama, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nípa odò wọn: ìrẹsì ń so dáadáa níbẹ̀. Mama nawọ́.

“Ma, ta ló gbìn ín?”

“Verlene, jókòó.”

Ara ló jókòó. Ọkàn wọn kò jókòó títí wọ́n fi pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Wọ́n ṣe ìrìbọmi nínú odò yẹn ní 1953, wọ́n sì di ọmọ ìjọ Bẹ́tẹ́lì Etí Odò. Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ní 1959, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New York láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, láì tíì mọ ibi tí wọn yóò sùn. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé ìdìwé kan níbẹ̀; ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n kó kúrò nílé kan sí òmíràn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ká abala bébà ńlá, tí a ń gé e, tí a ń rán an, tó fi ń di ìwé ọmọdé olójú-ewé méjìlélọ́gbọ̀n. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Wọ́n á máa sọ ọ́ fún wa pé kò sí ogun, kò sí òmìnira, kò sí ààrẹ tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní wọ inú ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n. Ohun tí kò bá wọ̀ ọ́, ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò tíì yé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1967 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Alston Broughton, ọmọ Tarrow Landing bíi tiwọn, káfíńtà. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ, Lucretia àti Theron. Wọ́n padà sílé ní 1970. Baba Alston, tó sùn nínú Olúwa ní 2004, máa ń sọ fún àlejò pé, “Àga mẹ́fà ni mo kàn fún ìyàwó mi. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n wò, kò sí èyí tó tíì gbóná.” Òótọ́ ni. Mama ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko. Láàárín méjèèjì ni wọ́n ń kọ̀wé, lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, pẹ́ńsù kan létí, ṣíbí kan nínú ìkòkò ìrẹsì pupa. Ìrẹsì náà a máa jóná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé wọn àkọ́kọ́, *Ta Ló Gbẹ́ Kòtò Yìí?*, lórí kòtò omi oko ìrẹsì etí odò, jáde ní 1974. Ìdáhùn ni fún olùkọ́ tó ní kí wọ́n jókòó. Èyí tó tẹ̀ lé e, *Ọjọ́ Kejì Òmìnira*, inú bọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan bi wọ́n pé, “Mama Verlene, nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ kejì?” Mama kò mọ̀. Kò sí nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Oṣù méje ni wọ́n fi ń ti ojúlé dé ojúlé lọ́dọ̀ àwọn àgbà kí ìdáhùn tó jáde: ọ̀dùnkún tó ti tutù ni. Mama fọwọ́ ara wọn ya ọ̀dùnkún náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ń fi ahọ́n lá a lójú ìwé.

Kí wọ́n tó gbé ìwé kankan lọ sílé ìtẹ̀wé, wọ́n á kọ́kọ́ kà á ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbà á jókòó sórí àga, ọmọdé á dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Àgbà tó bá gbọ́ àṣìṣe á nawọ́. Ọmọdé kì í nawọ́ ní tiwọn. Bí wọ́n bá ti yíjú wo fèrèsé, Mama á fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà síbẹ̀, wọ́n á sì lọ tún un kọ. Àwọn ará ìgbàanì tí Mama ń kọ ìtàn wọn kò sì ní fọ́tò. Nítorí náà, ara alààyè ni Mama fi ń ya òkú. Ìlú mọ̀ ọ́n. Tí ìwé tuntun bá dé, kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn ni wọ́n ti ń wá ara wọn nínú rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀dọ̀ Binah.

Mama Dafney Simmons, àgbà kan nílùú wa, ló sọ ìtàn náà fún Mama ní 1986, nígbà tí àgbà náà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Láyé ẹrú, òfin kò gbà kí ẹrú mọ̀wé. Binah, alásè ilé ńlá, ń kó àwọn ọmọ sábẹ́ ilé ọ̀gá, èyí tí wọ́n kọ́ sórí òpó bíríkì nítorí omíyalé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, nígbà tí ọ̀gá bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú òkùnkùn abẹ́ ilé ló ti ń fi fìtílà kọ́ wọn ní lẹ́tà. Ìyá Mama Dafney wà lára àwọn ọmọ náà. Ẹnì kan lọ sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ta Binah sí Georgia, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn ọmọ abẹ́ ilé yẹn ló dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílùú yìí lẹ́yìn òmìnira.

Ní Tarrow Landing, a kì í dárúkọ ẹni tó lọ sọ. “Ẹnì kan” ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mama Dafney ní, “Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá wa jẹun lórí tábìlì kan náà. Ta ló fẹ́ kí oúnjẹ korò?”

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lè pe ẹnì kan ní “ẹnì kan” kó sì kọjá lọ. Àwòrán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán á ní ẹsẹ̀. Á ní fìlà. Á ní èjìká. Mama dá ọgbọ́n sí i: ní ojú ewé kejìlélógún ìwé *Fìtílà Abẹ́ Ilé*, wọ́n ya ọkùnrin náà sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọ̀gá, fìlà lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń kàwé.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1989, wọ́n kà á ní gbọ̀ngàn. Inú gbogbo ènìyàn dùn. “Ìyá Zippie ni Binah! Ẹ wo imú!” “Ọmọ mi nìyẹn, èyí tó ń jẹ èékánná!” Bí Mama ti ṣí ojú ewé kejìlélógún, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ wo èjìká òsì yẹn! Sam nìyẹn! Sam Prioleau, ìwọ lo lọ sọ!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Baba Sam Prioleau, baba tó bí Díákónì Ezra, ti gbé yìnyín ní èbúté fún ọdún mẹ́tàlélógún. Èjìká òsì wọn ti wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà pẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún wa pé Baba Sam dìde, wọn kò rẹ́rìn-ín.

“Verlene, ṣé èmi ni?”

Mama wò wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹnì kan ni, sà.”

Wọn kò sọ pé rárá. Baba Sam dé fìlà wọn, wọ́n jáde, wọn kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ títí wọ́n fi kú nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ìlú gbà pé Prioleau ni “Ẹnì kan”. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ń fi ọmọ Prioleau ṣe yẹ̀yẹ́: “Má sọ fún Prioleau o, á lọ sọ!” Láti ìgbà náà, tí ìwé Binah bá kan kíkà lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn ọmọ ilé Prioleau á dìde, wọ́n á lọ dúró ní fàráńdà títí yóò fi parí.

Àwa ọmọ rí bí Mama ṣe ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí à ń wò. Wọ́n á dìde nídìí oúnjẹ. Wọ́n á lọ wo odò, wọ́n á padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ ní 1993, wọ́n gbé èjìká ọkùnrin náà sókè kí ó dọ́gba, ìlú ní, “Wọ́n ń bo Sam.” Ní 2001 wọ́n wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè fún un, ìlú ní, “Ẹ wo ẹ̀wù tí wọ́n fi bo Sam.” Baba Alston tún fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Ṣé ọkùnrin yẹn ló gbé ọ níyàwó ni, àbí èmi? Ó ti ní ẹ̀wù tuntun, èmi ò ní.” Ní 2012 wọ́n fi í pa mọ́ sẹ́yìn igi, ó ku òjìji rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń béèrè pé, “Kí ló ń sá fún?” Mama náà ń béèrè ni.

Láàárín gbogbo èyí, wọ́n kọ́ ọmọ-ọmọ wọn mẹ́ta nílé láti A B D títí dé ìdánwò àṣejáde, lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n sì tún ya ilé wọn sọ́tọ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú fún ọmọ ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì mọ̀wé kà. Wọ́n ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìsìnkú ìjọ fún ọdún mọ́kànlélógún. Kò sí ìtàn olóògbé kan nínú ìjọ yìí láàárín ìgbà náà tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló kọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé, “Ẹ má purọ́ mọ́ òkú, kò lè bá yín jà.”

Àìsàn ọkàn dá wọn dùbúlẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, wọ́n ránṣẹ́ pe Díákónì Ezra. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ síta. A jókòó sí fàráńdà, à ń bó ẹ̀wà. Lẹ́yìn wákàtí kan Díákónì jáde, wọ́n mú ìwé Binah lórí tábìlì ìloro, wọ́n fi sí abíyá, wọ́n sì lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti gbọ́ lójú títì kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí ojú rí ni. Etí kankan kò sí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Mama Verlene fi ayé sílẹ̀. Wọ́n ní kí a gbé àwọn jókòó lórí àga Baba Alston, ojú sí odò. Orí ìjókòó ni wọ́n lọ.

Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé, Ìyáàfin Lucretia Broughton Gaillard àti Ọ̀gbẹ́ni Theron Broughton. Ọmọ-ọmọ márùn-ún, Jerusha, Delphine, Thaddeus, Corliss àti Ansel. Ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Odell, ọmọ oṣù mẹ́jọ, tó ti jẹ etí ìwé wọn méjì. Àti gbogbo ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì wọn rí, tí púpọ̀ nínú wọn ti ń hu ewú báyìí.

Mama, ìrìn ti tó. Kí ilẹ̀ etí odò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí Olúwa má fi ìbéèrè yín sílẹ̀ láìdáhùn. Ẹ sinmi o, ẹ sinmi re.

Ó wá ku ohun tí Mama sọ fún Díákónì.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, nígbà tí a ti fẹ́ gbé ìtàn yìí lọ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, Díákónì Ezra wá sílé ìdáná Mama. Wọn kò gbà láti jẹun. Wọ́n sọ ohun tí Mama sọ fún wọn.

Theron ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Díákónì, ẹ̀yin náà lẹ mú ìwé yẹn jáde. Kí ló dé tí ẹ ò tíì sọ èyí fún ìlú?”

“Mo mú un torí n kò tíì kà á rí, ọmọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo kà á fún àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tún un kà. Ní ti sísọ, bí Prioleau bá sọ ọ́, wọ́n á ní Prioleau ló hun ún. Inú ilé yìí ló ti gbọdọ̀ jáde. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ kó jáde, mo ti gbọ́ ọ, ó tó mi.”

“Kí àwa fúnra wa wá da epo sí aṣọ àlà ìdílé wa, lọ́jọ́ tí à ń sin Mama?”

Lucretia kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Aṣọ àlà wo, Theron? Aṣọ ilé ẹ̀gbọ́n Ezra la fi ń nu tiwa láti 1989. Páálí ìwé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá dákẹ́, wọ́n á sin Binah tẹ̀ lé Mama.”

Theron dìde. Ó bu omi, kò mu ún.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ló wí, “ẹ tún un sọ, kí Jerusha kọ ọ́. Bí Mama ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má bù kún un, ẹ má yọ kúrò.”

Díákónì Ezra di ojú wọn. Wọ́n ní, “Ohun tí wọ́n sọ nìyí:

‘Ezra, jókòó síbi tí mo ti lè rí ọ. Kì í ṣe baba rẹ. Kò sí Prioleau kankan nínú ìwé yẹn. Mazyck ló lọ sọ. July Mazyck, baba tó bí baba baba mi. Mama Dafney sọ orúkọ rẹ̀ sí mi létí, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí n tó fa ìlà kan. Baba mi ni mo ní kó wá dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, kó kẹ̀yìn sí mi, torí mi ò lè máa wo ojú rẹ̀ kí n máa ya á. Ó ní, “Verlene, ta ni mò ń ṣe?” Mo ní, “Ẹ kàn ń wo odò ni, sà.” Nígbà tí Sam wá bi mí níwájú gbogbo èèyàn, baba mi wà níjókòó, èjìká òsì tirẹ̀ náà wálẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wo Sam, mo wo baba mi, mo ní ẹnì kan ni. Àṣà ìlú ni mo fi bojú, Ezra. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti ya ọkùnrin yẹn, baba mi ló ń jẹ́ lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹrù ilé wa lẹ rù láti ọjọ́ náà wá. Ó tó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.’”